Mo fẹ́ kó ímeèlì mi lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá, ṣé àṣírí mi ò ní tú?

Ìbéèrè

Ó pẹ́ tí mo ti ń lo ímeèlì tí iléeṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì ṣí fún mi. Wọ́n ti wá kọ̀wé pé àwọn ò ṣe é mọ́, kí kálukú wá ibòmíì lọ kí ọdún tó parí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n bọ́ sórí Gmail tàbí Outlook, pé ọ̀fẹ́ ni, pé kì í dédé dákú. Ọkàn mi ò balẹ̀. Lẹ́tà dókítà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún bàbá wa wà níbẹ̀, ohun témi àti ìyàwó mi kọ síra wa nígbà tí kò sí nílé wà níbẹ̀. Ṣé wọn ò ní máa kà á? Àbí mo kàn ń bẹ̀rù lásán ni?

* * *

Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Ọ̀kan ni bóyá iléeṣẹ́ náà máa ka lẹ́tà yín. Èkejì ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí gbogbo lẹ́tà àtẹ̀yìnwá tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ làwọn èèyàn máa ń jiyàn lé lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Google gbé Gmail jáde ní April 1, 2004, àyè 1 GB tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ya gbogbo ayé lẹ́nu, torí mẹ́gábáìtì díẹ̀ làwọn tó kù ń fúnni nígbà yẹn. Ìpolówó ọjà ló ń sanwó àyè náà: kọ̀ǹpútà wọn ń wo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, ó sì ń gbé ìpolówó tó bá ọ̀rọ̀ náà mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní June 2017 wọ́n kéde pé àwọn ò ní máa fi ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yan ìpolówó mọ́. Ọ̀pọ̀ gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Kọ̀ǹpútà ṣì ń wo inú lẹ́tà kó lè dá spam àti fáìrọ́ọ̀sì mọ̀, kó lè fi ọjọ́ ìrìn àjò yín sínú kàlẹ́ńdà, kó lè bá yín parí gbólóhùn tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2019 àwọn oníròyìn gbé e jáde pé ojú ewé kan wà nínú àkáǹtì Google tó to ohun téèyàn ti rà jọ, inú rìsíìtì tó wà nínú Gmail ló sì ti ń rí i.

Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló ṣeé pa nínú sẹ́tíǹgì, lábẹ́ ibi tí wọ́n pè ní "smart features". Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí àkáǹtì náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti lọ pa á, kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

* * *

"Kọ̀ǹpútà ló ń kà á, kì í ṣe èèyàn, kí ló wá kàn yín?"

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí, mi ò sì fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó jókòó síbì kan tó ń ṣí lẹ́tà yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà bá lè kà, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè kà á lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ní 2012, Microsoft ń wá ẹni tó jí kóòdù Windows tí wọn ò tíì gbé jáde, ni wọ́n bá wọ inú àkáǹtì Hotmail, ímeèlì Microsoft fúnra wọn, ti ẹnì kan tó ń kọ búlọ́ọ̀gì kí wọ́n lè mọ ẹni tó kó o fún un. Wọn ò gba ìwé àṣẹ kankan nílé ẹjọ́. Àwọn ló ni server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí lẹ́tà wà lórí ẹ̀, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sì gbà wọ́n láyè. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní 2014 layé tó gbọ́, ariwo sì pọ̀ débi pé wọ́n ṣèlérí pé tírú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn agbófinró làwọn máa fà á lé lọ́wọ́.

Mo sì fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ni ímeèlì ló sábà máa ń wọnú lẹ́tà jù, bí kò ṣe àwọn áàpù tí àwa fúnra wa ṣí ilẹ̀kùn fún. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà, Unroll.me, tó ń báni yọ orúkọ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fi lẹ́tà ìpolówó ránṣẹ́ sí. Ní 2017 ló hàn síta pé iléeṣẹ́ tó ni ín ń kó ìsọfúnni látinú rìsíìtì Lyft, iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó ń bá Uber díje, tó wà nínú lẹ́tà àwọn tó ń lò ó, ó ń yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, ó sì ń tà á fún Uber. Àwọn tó ń lò ó ti tẹ "mo gbà" nígbà tí wọ́n ń fi í sórí fóònù, wọn ò ka ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ lọ wo ojú ewé tí àkáǹtì yín ti to àwọn áàpù tẹ́ ẹ gbà láyè. Èyí tẹ́ ẹ ò bá rántí ìdí tẹ́ ẹ fi gbà á, ẹ lé e jáde.

* * *

Ẹnì kan ní ìjọba ńkọ́.

Ní June 2013, àwọn ìwé tí Edward Snowden tú síta fi ètò PRISM hàn, èyí tí iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, NSA, tóun fúnra ẹ̀ ti bá ṣiṣẹ́, fi ń gba ìsọfúnni látọ̀dọ̀ Microsoft, Yahoo, Google àtàwọn míì. Ní October 2016, Reuters gbé e jáde pé Yahoo ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan ní 2015 tó ń yẹ gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé wò, torí pé ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin Amẹ́ríkà lórí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti wà láti 1986, nígbà tí kò sẹ́ni tó rò pé èèyàn á máa tọ́jú lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà fún ọdún gbọọrọ. Lẹ́tà tó bá ti lé ní ọjọ́ 180 lórí server, òfin náà kà á sí ohun tó rọrùn fún agbófinró láti gbà láìsí ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ adájọ́. Ní 2010, nínú ẹjọ́ Warshak, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ sọ pé rárá o, àfi kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì ti dúró lórí ìyẹn látìgbà náà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ ò sì gbé níbẹ̀, ààbò tí òfin wọn ń fún àwọn ará ilé wọn kò dé ọ̀dọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà, oníròyìn, ẹni tó ń bá alágbára fa wàhálà: ó yẹ kí èyí wà lókè nínú ìrònú wọn. Ní ti ẹni tó kọ ìbéèrè yìí, mi ò rò pé NSA lọ̀tá yín. Ẹni tó lè fìyà jẹ yín nípasẹ̀ lẹ́tà yín ni olè tó rí páàsìwọ́ọ̀dù yín, tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà sí ogún.

* * *

Lẹ́yìn ìyẹn làwọn tó ń sọ pé kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá rárá, kẹ́ ẹ wá kékeré tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti lẹ́tà débi pé àwọn fúnra wọn ò lè kà á. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ràn náà, èmi náà sì ní ọ̀kan. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ ohun tí kò lè ṣe.

Tí ẹ bá ń lo irú Proton, tẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí ẹni tó ń lo Gmail lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà kọ̀wé, Google ní ẹ̀dà lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ gbangba. Kọ́kọ́rọ́ tiyín kò dé ilé tiẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ lẹ́tà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ẹni tó gbà á, àti àkókò tó jáde, gbogbo ìyẹn kì í sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ wo orí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa ń kọ: "Èsì àyẹ̀wò rẹ", "Nípa ìkọ̀sílẹ̀". Kí ló kù tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà?

Iléeṣẹ́ tó ń ti ìlẹ̀kùn dáadáa náà sì wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ tó wà. Ní 2021, Proton ní láti fún àwọn aláṣẹ Switzerland ní àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ibi téèyàn ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì hàn, ti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ojú ọjọ́ kan ní Faransé. Ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọn ò rí ìyẹn fún wọn. Lavabit, iléeṣẹ́ kékeré míì, ṣe tiẹ̀ ní August 2013: nígbà tí ìjọba fipá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ tì í pa. Ìwà akin ni, mo gbóríyìn fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ wà níbẹ̀ jí láàárọ̀, kò rí àpótí rẹ̀ ṣí. Ibi kékeré lè kú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kó máa tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ sílé.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí lẹ́tà àtẹ̀yìnwá, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà.

Tẹ́ ẹ bá ṣí àkáǹtì tuntun, wọ́n lè bi yín bóyá kí àwọn bá yín kó lẹ́tà àtijọ́ wọlé. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, ó tán. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sínú àpótí àtijọ́, ẹ kọ "passport" sí àyè ìwákiri, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa jáde. Ẹ kọ "password". Ẹ kọ orúkọ báńkì yín. Ẹ kọ orúkọ àìsàn tí ẹnì kan nínú ilé yín ti ṣe rí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jókòó ṣe é nígbà tó fẹ́ kó tiẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yọ jáde ni ìwé ìrìnnà ọmọ rẹ̀, ojú ewé tí fọ́tò wà gan-an, ó mọ́ rekete, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà, ìlà méjì tí ẹ̀rọ máa ń kà nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé, tó ti fi ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Lábẹ́ ẹ̀ ni lẹ́tà ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, páàsìwọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀ ní gbangba, bó sì ṣe wo ojú rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ó ṣì ń lò ó níbòmíì. Lábẹ́ ìyẹn ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àbúrò wa. Àbúrò wa fi í ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá òun kà á. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bóyá kí èsì yẹn wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn títí láé.

Ohun tó jẹ́ kí "mi ò ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́" máa bí mi nínú nìyẹn. Ẹ lè má ní. Àwọn tó kọ̀wé sí yín ní. Ìdajì àpótí yín ọwọ́ ẹlòmíì ló ti wá.

Iléeṣẹ́ ńlá máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn ju èyí tó kéré lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá já, gbogbo ẹ̀ ló ń já pọ̀. Ní December 2016, Yahoo sọ pé wọ́n jí ìsọfúnni àkáǹtì bílíọ̀nù 1 lọ́dọ̀ àwọn ní 2013. Nígbà tó di October 2017, wọ́n ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo àkáǹtì tí wọ́n ní nígbà yẹn ni, bílíọ̀nù 3. Olè ti lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀ kí àwọn tó ni àkáǹtì tó gbọ́. Páríparí ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Google fúnra wọn kọ ọ́ pé ó máa ń tó nǹkan bí oṣù 2 kó tó kúrò pátápátá, àti pé ó lè pẹ́ tó oṣù 6 nínú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi: ẹ lọ o, ṣùgbọ́n ẹ má kó ẹrù lọ. Ẹ fi Thunderbird, ètò tó ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, tàbí òmíì tó jọ ọ́ fa gbogbo lẹ́tà àtijọ́ wá sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kó o sínú dísìkì tẹ́ ẹ fi páàsìwọ́ọ̀dù tì. Lẹ́tà tẹ́ ẹ ṣì ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tuntun.

* * *

"Tí dísìkì bá bàjẹ́ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò ní fojú kéré ẹ̀. Dísìkì ń bàjẹ́, ọmọdé ń ju kọ̀ǹpútà lulẹ̀, iná ń jó ilé. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má wà nínú ilé tí èkejì wà. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é, pé ẹ̀dà kan ṣoṣo lẹ máa ní tẹ́ ẹ sì máa gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, a jẹ́ pé ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí ìwákiri yẹn bá gbé jáde kúrò.

* * *

Ohun kékeré kan tí kò sẹ́ni tó ń sọ. Tí iléeṣẹ́ tuntun bá ń bá yín fa lẹ́tà wá láti ibi àtijọ́, páàsìwọ́ọ̀dù ti àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n lè máa padà lọ wo bóyá lẹ́tà tuntun wọlé. Tó bá ti parí, ẹ yọ ìsopọ̀ náà kúrò nínú sẹ́tíǹgì, kẹ́ ẹ sì yí páàsìwọ́ọ̀dù àtijọ́ padà.

Níbi sẹ́tíǹgì yẹn náà, ẹ wo filter, ìyẹn àṣẹ tó ń darí lẹ́tà fúnra ẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń taari lẹ́tà sí. Wọ́n ja àkáǹtì ọ̀rẹ́ mi kan gbà. Ó gbà á padà, ó yí páàsìwọ́ọ̀dù, ó tan ìgbésẹ̀ méjì fún wíwọlé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Síbẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é pé ẹnì kan ń kọ̀wé sí àwọn pé kí wọ́n san owó síbòmíì, ẹni náà sì mọ iye owó tí kálukú jẹ dé orí kọ́bọ̀. Ìgbà tá a ṣí ojú ewé àwọn filter la rí i, ìlà kan péré: lẹ́tà tó bá ní "invoice" nínú, taari ẹ̀dà lọ sí àdírẹ́sì báyìí, sàmì sí i pé wọ́n ti kà á, gbé e kúrò ní inbox. Páàsìwọ́ọ̀dù tuntun kì í pa irú ìlà bẹ́ẹ̀ rẹ́. Àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ yín pa á.

* * *

Ẹnì kan tún ní ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó kọ̀wé sí òun lè mọ ìgbà tí òun ṣí i. Òótọ́ ni. Wọ́n á fi àwòrán tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú ò lè rí sínú lẹ́tà, bí ẹ bá ti ṣí i, àwòrán náà á lọ sọ fún server wọn. Láti December 2013, Gmail ń kọ́kọ́ gba àwòrán kọjá lórí server tiwọn, ìyẹn sì ń bo ibi tẹ́ ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀wé ṣì lè mọ̀ pé ẹ ṣí i. Apple Mail náà ní tirẹ̀ láti 2021. Ẹ pa kí àwòrán máa ṣí fúnra ẹ̀, ó tán.

* * *

Ní ti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa ń béèrè "nítorí ààbò": ẹni tí ìyẹn bá ń bà lẹ́rù kò ṣàṣìṣe. Ní 2022, FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, àti iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ wọn mú kí Twitter san mílíọ̀nù 150 dọ́là, torí wọ́n gba nọ́ńbà àti ímeèlì lọ́wọ́ èèyàn lórúkọ ààbò, wọ́n sì tún lò ó láti darí ìpolówó. Áàpù tó ń fúnni ní nọ́ńbà ìwọlé, tàbí kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ló dáa ju SMS lọ. Ẹni tó bá tan aṣojú iléeṣẹ́ fóònù láti gbé nọ́ńbà yín sórí SIM tiẹ̀, SMS yín ti di tirẹ̀.

* * *

Mo fẹ́ padà sórí ohun tó gbé ìbéèrè yìí wá. Iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan sọ pé àwọn ò ṣe mọ́, gbogbo ayé yín sì dàrú, torí pé àdírẹ́sì náà tiwọn ni. Tẹ́ ẹ bá lọ gba òmíràn lọ́dọ̀ Google, ti Google nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ wọn bá fura sí yín láìnídìí tó sì ti àkáǹtì yín, báńkì, ibi iṣẹ́, gbogbo ìkànnì tẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì yẹn wọlé sí, gbogbo wọn ló tì pọ̀.

Ẹ ra domain tiyín, ìyẹn orúkọ tó máa ń wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì. Owó ọdọọdún rẹ̀ kéré. Àdírẹ́sì yín á wá dúró lórí orúkọ tẹ́ ẹ rà, ẹ̀yin lẹ ó sì pàṣẹ ibi tí lẹ́tà ń lọ: lónìí Gmail, lọ́dún tó ń bọ̀ ibòmíì, ẹni tó ń kọ̀wé sí yín ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ kó. Àwọn kan ní iṣẹ́ náà ti le jù fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Mi ò gbà. Ìlà díẹ̀ ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ojú ewé kan, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì máa ṣe é. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé owó ọdọọdún yẹn. Tó bá já, ẹlòmíì lè rà á, gbogbo lẹ́tà yín á sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa yọ owó fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì san ti ọdún púpọ̀ sílẹ̀.

* * *

Ìbéèrè kejì látọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ béèrè: Ó ti yé mi. Àkáǹtì àtijọ́ wá ńkọ́? Iléeṣẹ́ yẹn ní tí mo bá fẹ́ máa rí lẹ́tà nìkan, àwọn lè fi í sílẹ̀ fún mi fún owó díẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n tì í pa kí n sinmi.

Ẹ má tì í pa. Ní 2013, Yahoo kó orúkọ àkáǹtì tí wọn ò lò mọ́ fún ẹlòmíì, àwọn tó gbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́tà tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè mọ ohun tí tiyín máa ṣe lọ́la. Ẹ san owó díẹ̀ yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì, lẹ́yìn náà ibi tẹ́ ẹ ti ń san owó orí, dókítà, ibi iṣẹ́, ẹ yí àdírẹ́sì wọn sí tuntun. Lẹ́tà tó bá ń dé síbi àtijọ́ fún bí ọdún kan, òun ni yóò sọ àwọn tẹ́ ẹ gbàgbé fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò sí nǹkan míì tó ń dé síbẹ̀ ju ìpolówó lọ, ẹ pa gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ rẹ́, ẹ fi páàsìwọ́ọ̀dù gígùn tí kò sí níbòmíì tì í, kẹ́ ẹ sì máa san owó ẹ̀ lọ.